Ìwé Ni Wọ́n Fi Há Wọn Mọ́lé: Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìtàn Ìjàkadì Àwọn Júù láti Jáde kúrò ní Ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ àwọn Júù nínú kíláàsì wa, inú Bíbélì ni ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n mọ Mósè, wọ́n mọ Fáráò, wọ́n mọ Òkun Pupa. Àwọn mìíràn a sì dárúkọ Hitler àti ọ̀kẹ́ àìmọye Júù tí ó pa. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù tí ó wà ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kíláàsì a dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà kan tí mo gbìyànjú láti sọ ìtàn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, orílẹ̀-èdè wo ni ó kọ̀ tí kò fún wọn ní físà?" Mo dá a lóhùn pé orílẹ̀-èdè tiwọn gan-an ni. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mo ṣì í sọ ni.

Ẹ̀rín yẹn ni ó bí iṣẹ́ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìlà gígùn tí àwọn ènìyàn ń tò níwájú ilé aṣojú ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n mọ̀ pé onílé lè sọ pé kí àlejò má wọlé. Ohun tí kò yé wọn ni bí onílé ṣe lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó wà nínú ilé, kí ó ní kò gbọdọ̀ jáde, kí ó sì tún máa fi yé e lójoojúmọ́ pé kì í ṣe ọmọ ilé.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ìwé ni ó dára jù láti fi kọ́ ìtàn yìí. Àwọn kan wà lóòótọ́ tí wọ́n lọ sí ẹ̀wọ̀n, a ó sì dárúkọ díẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Júù tí a kò jẹ́ kí ó lọ kò rí inú ẹ̀wọ̀n rí. Ìwé ni ìjọba fi há wọn mọ́lé: ìwé tí a béèrè, ìwé tí a kò fún wọn, àti òǹtẹ̀ tí a kò lù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè tọ ipasẹ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí, yóò mọ bí ìjọba ṣe lè ni ènìyàn lára láìfi idà kàn án. Apá kan sì tún wà nínú ìtàn náà tí ó kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwọn olùkọ́ èdè wà lára àwọn tí a gbé lọ sí ilé ẹjọ́. A ó kọ́kọ́ wo ẹni tí àwọn Júù wọ̀nyí jẹ́, a ó wo ọ̀nà ìwé náà, a ó wo àwọn tí ó jà àti àwọn tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni a ó sọ bí a ṣe lè gbé e kalẹ̀ nínú kíláàsì àti nínú ìdánwò.

2. Àwọn wo ni a ń sọ nípa wọn?

Àwọn Júù ti wà ní àwọn ilẹ̀ tí ó di ti Rọ́ṣíà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Láti ọdún 1791 títí di ọdún 1917, agbègbè kan ní apá ìwọ̀-oòrùn nìkan ni àwọn ọba Rọ́ṣíà gbà kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn máa gbé. Nígbà tí ìjọba ọba wó ní ọdún 1917, òfin yìí pa rẹ́. Ọ̀pọ̀ Júù kó lọ sí ìlú ńlá, wọ́n wọ yunifásítì, wọ́n di dókítà, ẹnjiníà, olùkọ́ àti olórin. Ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ èyí. Bí a bá sọ ìtàn náà bí ẹni pé ìyà nìkan ni ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ Júù fi fẹ́ràn ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì fi ẹ̀mí wọn jà fún un nínú ogun.

Ní ọdún 1932 ni ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ará ìlú ńlá ní pásípọ́ọ̀tù abẹ́lé. Ìwé yìí kì í ṣe ti ìrìn-àjò lọ sí òkèèrè. Ohun ni ènìyàn fi ń gba àṣẹ láti gbé inú ìlú kan, ohun ni wọ́n sì ń béèrè nígbà tí ó bá ń wá iṣẹ́. Wọ́n kọ ẹ̀yà ènìyàn sínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù, Júù ni wọn yóò kọ síbẹ̀, ìbáà máa lọ sí sínágọ́gù, ìbáà má gbà rárá pé Ọlọ́run wà. Nínú àwọn fọ́ọ̀mù, ìlà karùn-ún ni a ti ń kọ ẹ̀yà, èyí ni ó sì mú kí "ìlà karùn-ún" di àdàpè láàrin àwọn ènìyàn. Ẹni tí a bá ní ìlà karùn-ún kò dára fún, Júù ni.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti di àdììtú. Ìwé sọ pé Júù ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú ènìyàn jẹ́ Júù ni ìjọba ń gbà kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìjọba gbà pé Yídíìṣì, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń sọ nílé, ni èdè wọn. Hébérù, tí í ṣe èdè ìwé mímọ́ wọn, ni ìjọba kà sí èdè àlùfáà àti èdè àwọn tí ó fẹ́ dá orílẹ̀-èdè Júù sílẹ̀, wọ́n sì fòpin sí kíkọ́ ọ. Nígbà tí ọdún 1940 sí 1949 fi parí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Yídíìṣì pàápàá ti di títì. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1952, wọ́n pa Júù 13 ní Moscow lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ bòńkẹ́lẹ́. Àwọn akéwì àti òǹkọ̀wé Yídíìṣì wà lára wọn, bí Peretz Markish àti Dovid Bergelson. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953, ìjọba kéde pé àwọn dókítà kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Júù, ń dìtẹ̀ láti pa àwọn aṣáájú ìlú. Stalin kú ní oṣù kẹta, a sì dá àwọn dókítà náà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin, nítorí pé irọ́ ni ẹ̀sùn náà.

Àní òkú wọn kò bọ́ lọ́wọ́ ìpamọ́ yìí. Ní àfonífojì Babi Yar ní ìlú Kiev, àwọn ọmọ-ogun Hitler pa Júù 33,771 láàrin ọjọ́ méjì, ọjọ́ 29 àti 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1941. Nígbà tí ìjọba gbé ère ìrántí kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1976, wọn kò kọ ọ́ sí i pé Júù ni wọ́n.

Nígbà tí wọ́n ka iye ènìyàn ní ọdún 1970, àwọn Júù ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ti wà láti ọdún 1948. Nínú ogun ọjọ́ mẹ́fà ti oṣù kẹfà ọdún 1967, Ísírẹ́lì ṣẹ́gun àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń tì lẹ́yìn. Moscow já okùn ọ̀rẹ́ tí ó wà láàrin òun àti Ísírẹ́lì, ìwé ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀ sí bu àwọn Júù lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ tí kò tilẹ̀ ronú kan ọ̀rọ̀ Júù rí bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn léèrè pé, "Kí ni mo ń ṣe níhìn-ín?"

3. Ọ̀nà ìwé

Ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá, ọdún 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Abala 13 inú rẹ̀ fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti kúrò ní orílẹ̀-èdè yòówù tí ó bá wà, ìbáà ṣe tirẹ̀, kí ó sì tún padà sí tirẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kò dìbò tako ìkéde náà, kò sì dìbò fún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973 ó fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé mìíràn tí ó ní ẹ̀tọ́ yìí nínú. Nítorí náà, nínú ìwé, ẹ̀tọ́ náà wà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ń rí.

Ìwé àkọ́kọ́ ni ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹbí tí ó wà ní Ísírẹ́lì, nítorí pé lójú ìjọba, àtidarapọ̀ mọ́ ẹbí nìkan ni ìdí tí ènìyàn fi lè kúrò. Ìwé yìí sì lè sọnù ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́. Kí ènìyàn tó lè gbà á, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó fẹ́ lọ, lọ́pọ̀ ìgbà a sì pe ìpàdé òṣìṣẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwé láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, pé àwọn kò ní ohunkóhun láti tako ìrìn-àjò ọmọ àwọn. Èyí kan ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún pàápàá. Lẹ́yìn èyí ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ sí OVIR, ilé-iṣẹ́ tí ó ń rí sí físà, yóò sì máa dúró. Ó lè dúró fún oṣù mélòó kan, ó sì lè dúró fún ọdún.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, yóò san owó tí ó ju owó iṣẹ́ oṣù mélòó kan lọ, yóò sì kọ jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ilé aṣojú ìjọba Họ́láńdì ní Moscow ni yóò ti gba físà Ísírẹ́lì, nítorí pé Họ́láńdì ni ó ń ṣojú fún Ísírẹ́lì níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1967, yóò sì gba Vienna kọjá.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu ni a máa ń fi sọ ọ́ fún un. A kì í sábà fún un ní ìwé kan tí yóò fi han ẹlòmíràn. Ìdí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ó mọ àṣírí ìjọba. Ẹni tí ó ti fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, tí ohun tí ó ṣe níbẹ̀ sì ti wà nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí gbogbo ayé ń kà, lè gbọ́ pé àṣírí wà lórí òun síbẹ̀.

Níbo ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wá gbà? Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá sì ní iṣẹ́, òfin ilẹ̀ náà lè fi ẹ̀sùn kàn án pé àfòmọ́ ni, pé ó ń jẹ lára àwùjọ láìṣiṣẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò ní egbò, igi gbogbo ni ó bá tan. Àwọn Júù wọ̀nyí ní egbò. Ìjọba ni ó gé e, tí ó wá ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò ní in. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ di olùṣọ́ ilé, ẹnjiníà di ẹni tí ó ń gbá ilẹ̀. Ọmọkùnrin tí yunifásítì bá lé kúrò, iṣẹ́ ológun ń dúró dè é. Bí ó bá sì jáde nínú iṣẹ́ ológun, a ó ní òun náà ti mọ àṣírí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1972, ìjọba tún fi owó-orí kan lé e: ẹni tí ó bá jáde yunifásítì gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà kí ó tó lọ. Iye náà pọ̀ débi pé ó lè jẹ́ owó iṣẹ́ ọdún púpọ̀. Ariwo pọ̀ ní òkèèrè, ní oṣù kẹta ọdún 1973 wọ́n sì dáwọ́ gbígbà rẹ̀ dúró.

Ó yẹ kí a wá orúkọ fún irú ẹni tí a ń sọ yìí. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè é ní otkaznik, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kíkọ̀. Ogunléndé kò bá a mu, nítorí pé ogun ni ó lé ogunléndé jáde, kò sì sí ẹni tí ó lé eléyìí jáde; ńṣe ni a dì í mú. Ìsáǹsá kò bá a mu, nítorí pé kò sá. Iwájú ọ́fíìsì ìjọba ni ó lọ ní ọ̀sán gangan. A dábàá "àkọ̀fún", ẹni tí a kọ̀ fún. Ìhun rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí èdè wa: bí a ti ní àbíkẹ́yìn fún ẹni tí a bí kẹ́yìn, àti àfẹ́sọ́nà fún ẹni tí a fẹ́ sọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni a lè ní àkọ̀fún. Ọ̀rọ̀ yìí ni a ó máa lò láti ìsinsìnyí lọ.

4. Àwọn tí ó jà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, àwọn ìdílé Júù 18 ní Georgia kọ lẹ́tà sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti béèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn lọ sí Ísírẹ́lì. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn. Fún ará Sófíẹ́ẹ̀tì, àìfi orúkọ pamọ́ ni ìgboyà náà.

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 1970, àwọn kan gbìyànjú láti já ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan gbà nítòsí Leningrad. Wọ́n ti ra gbogbo àyè inú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń lọ sí ìgbéyàwó. Mark Dymshits, tí ó ti wa ọkọ̀ òfuurufú ológun rí, ni yóò wà á lọ sí Sweden. Kí wọ́n tó dé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti mú wọn. Ní oṣù kejìlá, ilé ẹjọ́ dá ikú fún Dymshits àti Eduard Kuznetsov. Igbe ta káàkiri ayé, ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún náà a sì yí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Kí olùkọ́ má ṣe fi bò pé gbígba ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní òfin ilẹ̀ gbogbo. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lé e lórí: ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́, ṣé ó lè gba ojú fèrèsé?

Ọ̀pọ̀ jù lọ yàn láti máa kan ilẹ̀kùn náà. Ní oṣù kejì ọdún 1971, Júù 24 wọ ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Moscow, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn kò lọ títí a ó fi dá àwọn lóhùn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 1978, Vladimir Slepak, tí ó ti béèrè láti lọ láti ọdún 1970, àti ìyàwó rẹ̀ Maria na aṣọ tí wọ́n kọ̀wé sí jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wọn, pé kí a jẹ́ kí àwọn lọ bá ọmọ àwọn ní Ísírẹ́lì. Ìgbèkùn ọdún márùn-ún ni Slepak fi gbà. Ida Nudel, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tí ó máa ń fi oúnjẹ àti lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, náà na tirẹ̀ jáde. A rán an lọ sí Sìbéríà fún ọdún mẹ́rin. Ọdún 1987 ni àwọn méjèèjì tó jáde.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ kàn jù ni Anatoly Sharansky, onímọ̀ ìṣirò tí a bí ní ọdún 1948. Ó béèrè láti lọ ní ọdún 1973, wọ́n kọ̀ fún un. Ní ọjọ́ 4, oṣù keje, ọdún 1974, ó gbé Avital níyàwó. Ní ọjọ́ kejì, físà ìyàwó pé, ó sì gbọ́dọ̀ lọ. Ọkọ rò pé òun yóò tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ọdún 12 ni ó gbà. Wọ́n mú un ní oṣù kẹta ọdún 1977, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ṣe amí fún Amẹ́ríkà, ní ọdún 1978 wọ́n sì dá a lẹ́wọ̀n ọdún 13. Ní ọjọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 1986, a tú u sílẹ̀ lórí afárá Glienicke, láàrin Berlin àti Potsdam. Kí ó tó kúrò ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n gba ìwé Sáàmù kékeré tí ìyàwó rẹ̀ fún un. Ó dùbúlẹ̀ sínú yìnyín ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó ní òun kò lọ. Wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà fún un kí ó tó dìde. Ẹni tí ìwé há mọ́lé fún ọdún mẹ́tàlá kò gbà kí a tún gba ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀.

5. Olùkọ́ èdè níwájú adájọ́

Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ti ọdún 1936 àti ti ọdún 1977 fún ọmọ ilẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè abínibí rẹ̀. Àwọn Júù tí ó ń múra àtilọ fẹ́ kọ́ Hébérù, wọn kò sì rí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí wọ́n lè lọ. Nítorí náà, wọ́n ń pé jọ nínú yàrá ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ díẹ̀ a kọ́ ẹni tí kò mọ̀ rárá. Bí ìwé bá jẹ́ ẹyọ kan, wọn a fi ọwọ́ kọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi kámẹ́rà yà á lójú ewé-lójú ewé.

Yosef Begun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí. Ó béèrè láti lọ ní ọdún 1971, iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Hébérù, ó sì fẹ́ kí ìjọba ka èyí sí iṣẹ́ òun. Wọn kò gbà. Ní ọdún 1977 wọ́n mú un, ẹ̀sùn àfòmọ́ ni wọ́n fi kàn án, wọ́n sì rán an lọ sí ìgbèkùn. Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò: ọkùnrin tí ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé dé ilé ni adájọ́ sọ fún pé kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n tún mú un ní ọdún 1978 àti ní ọdún 1982. Ní ọdún 1983, ẹ̀wọ̀n ọdún méje àti ìgbèkùn ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un, pé ó ń tako ìjọba. Oṣù kejì ọdún 1987 ni wọ́n tú u sílẹ̀. Yuli Edelstein, tí òun náà ń kọ́ni ní Hébérù, ni wọ́n mú ní ọdún 1984, tí wọ́n ní àwọn bá oògùn olóró nílé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un. Lẹ́yìn tí ó dé Ísírẹ́lì, ó di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin níbẹ̀ láti ọdún 2013 sí 2020.

Kí ló dé tí ìjọba tí ó ní ohun ìjà olóró ń bẹ̀rù ẹni tí ó ń kọ́ni ní álífábẹ́ẹ̀tì? Ìbéèrè yìí ni ó tọ́ kí olùkọ́ Yorùbá bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lérò tiwa, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń kọ́ èdè kan ń sọ pé èdè náà ní ọjọ́ iwájú. Pásípọ́ọ̀tù sọ pé Júù ni wọ́n, ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Kíláàsì Hébérù fún orúkọ náà ní ìtumọ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba.

6. Ohùn láti òde

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí àwọn àkọ̀fún ti ń jà nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń pariwo lóde. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwọn wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù karùn-ún, ọdún 1964, àwọn ọmọ yunifásítì bí 1,000 tò lọ síwájú ilé aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì ní New York. Jacob Birnbaum ni ó kó wọn jọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1971, àwọn obìnrin kan dìde nítorí Raiza Palatnik, ọmọ ọdún 35, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ní Odessa kí wọ́n tó mú un. Iye ọdún rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ.

Ní Amẹ́ríkà, Henry Jackson àti Charles Vanik gbé òfin kan kalẹ̀, tí Ààrẹ Ford fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975, pé ilẹ̀ tí kò bá jẹ́ kí ènìyàn rẹ̀ jáde kò ní jẹ àǹfààní òwò bí àwọn yòókù. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè 35, tí Sófíẹ́ẹ̀tì wà lára wọn, fọwọ́ sí àdéhùn Helsinki. Ní ọdún 1976, Yuri Orlov àti àwọn mìíràn, tí Sharansky wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Moscow láti máa wò ó bóyá ìjọba ń pa àdéhùn náà mọ́. Kì í ṣe òfin tuntun ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ìjọba ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí.

Iye àwọn tí ó jáde ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 1971 wọ́n jẹ́ bí 13,000. Ní ọdún 1979 wọ́n lé ní 51,000. Lẹ́yìn tí ọmọ-ogun Sófíẹ́ẹ̀tì wọ Afganístáànì ní òpin ọdún 1979, tí ìbáṣepọ̀ òun àti Amẹ́ríkà bàjẹ́, ilẹ̀kùn tún padé. Ní ọdún 1986 wọn kò tó 1,000. Gorbachev ti gorí àlééfà ní ọdún 1985. Ní ọjọ́ 6, oṣù kejìlá, ọdún 1987, bí ó ti ń bọ̀ wá sí Washington, ènìyàn bí 250,000 péjọ síbẹ̀ nítorí àwọn Júù yìí. Ní ọdún 1990, àwọn tí ó wọ Ísírẹ́lì nìkan lé ní 180,000. Òfin tí ó fún gbogbo ará ilẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti jáde dé ní oṣù karùn-ún ọdún 1991. Kí ọdún náà tó parí, ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ti fọ́.

7. Nínú kíláàsì àti nínú ìdánwò

Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Kí ó ya fọ́ọ̀mù sójú pátákó, kí ó ní ìlà karùn-ún. Kí ó pín kíláàsì: ọ̀kan jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ lọ, ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́, ọ̀kan jẹ́ ìyá tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé OVIR. Kí akọ̀wé náà má ṣe pariwo, kí ó kàn máa sọ pé, "Ẹ padà wá lọ́la." Lẹ́yìn èyí, kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà bí ìyá náà. Nígbà tí mo dán èyí wò, lẹ́tà ìyá ni ó le jù fún wọn láti kọ. Bí ìyá bá fọwọ́ sí i, ó lè má rí ọmọ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá fọwọ́ sí i, òun ni ó há a mọ́lé.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún. Èkínní, kí a má ṣe sọ ìtàn Ékísódù di ìtàn yìí. Òótọ́ ni pé àwọn tí ó ń jà fi ohun tí Mósè béèrè lọ́wọ́ Fáráò ṣe àmì ìjà wọn. Ṣùgbọ́n òkun kò pín. Lẹ́tà, ìjókòó, ebi àti ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ṣí ọ̀nà. Èkejì, kí a má ṣe sọ pé gbogbo Júù ni ó fẹ́ lọ, tàbí pé Ísírẹ́lì ni gbogbo ẹni tí ó jáde lọ. Ọ̀pọ̀ fẹ́ dúró sí ilẹ̀ tí a bí wọn sí, ọ̀pọ̀ mìíràn sì yà láti Vienna lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀tọ́ láti lọ kò pàṣẹ ibi tí ènìyàn yóò lọ. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gbàgbé pé wọn kò dá nìkan wà: àwọn ará Jámánì tí ó wà ní Rọ́ṣíà àti àwọn ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì náà ń béèrè láti jáde.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdánwò, ìbéèrè bí "Dárúkọ Júù márùn-ún tí a fi sẹ́wọ̀n" kò dára tó. Ọmọ tí ó bá há a sórí yóò gbà á, kò sì ní mọ nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Ìwé mẹ́ta wo ni ẹni tí ó fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ kó jọ, báwo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè di ìdènà?" Tàbí kí ẹ ní: "Àwọn kan sọ pé òfin Jackson àti Vanik ṣí ilẹ̀kùn, àwọn mìíràn ní ó tún tì í pa sí i. Fi iye àwọn tí ó jáde láti ọdún 1971 sí 1990 gbe èrò rẹ lẹ́sẹ̀." Ẹ fún ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí jiyàn ní máàkì, ìbáà gba ti àwọn àkọ́kọ́, ìbáà gba ti àwọn kejì.

8. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé ni kọ́kọ́rọ́ sí ìtàn yìí, àti pé ohun tí àwọn àkọ̀fún béèrè kò ju èyí tí òfin ti sọ lọ. A dábàá ọ̀rọ̀ kan fún wọn. Bí ẹni kan láàrin ẹgbẹ́ wa bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá. Nígbà tí mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, orí fọ́ọ̀mù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí akọ̀wé ti sọ fún ẹni tí ó fẹ́ lọ pé kí ó padà wá lọ́la, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan bèèrè pé, "Sà, ta ni kí ó wá fẹjọ́ sùn?" Ìbéèrè náà ni Helsinki, òun náà ni New York àti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá ti lè béèrè rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ti yé e.